Bí a ṣe ń ka àpá ìtànṣán nínú ẹ̀jẹ̀, láti ẹnu abẹ́rẹ́ dé orí máíkírósíkóòpù

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní Ṣágámù, Ìlíṣàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ X-ray tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ojoojúmọ́ bíi ti ibà tàbí ti ṣúgà. Ọ̀pọ̀ nínú yín á kẹ́kọ̀ọ́ gboyè láìfojú kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èèyàn kan bá ṣèèṣì dúró síwájú ohun tó ń tú ìtànṣán jáde, tí báàjì tó ń wọn ìtànṣán kò sì sí láyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Ohun kan ni mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: àpapọ̀ iye kúrómósómù tó bàjẹ́ nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé bí ìbàjẹ́ náà ṣe pín láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tó ń tọ́ka sí irú ìtànṣán tó kàn wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ ni límfósáìtì, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò wúlò fún wa níbí, torí bó bá ti gbó tán, kò ní kúrómósómù kankan nínú mọ́. Límfósáìtì ní 46, ó ń rìn kiri gbogbo ara, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í sì í pín bí wọ́n ti ń rìn yẹn. Ìbàjẹ́ tó bá bá wọn á jókòó síbẹ̀ dè wá.

DNA, ohun tí a fi dá kúrómósómù, ní okùn méjì tó lọ́ mọ́ra. Bí ìtànṣán bá gé ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì á fi èkejì ṣe àwòkọ, á tún un ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí wàhálà wà ni kó gé méjèèjì lójú kan náà. Gray ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtànṣán tí ara gbà. Gray kan ìtànṣán gámà ń gé okùn kan ṣoṣo ní nǹkan bí ojú 1,000 nínú sẹ́ẹ̀lì kan, á sì gé méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí ojú 40. Sẹ́ẹ̀lì á sáré so ojú tó gé náà, ìkánjú yẹn ló sì ń bí àṣìṣe. Bí kúrómósómù méjì bá ṣẹ́, tí ẹnu ti èkíní wá lẹ̀ mọ́ ti èkejì lódìlódì, ohun tó jáde níbẹ̀ ni dicentric: kúrómósómù kan tó ní ìbàdí méjì (ìbàdí, tàbí centromere, ni ojú tó há níbi tí apá kúrómósómù ti pàdé), pẹ̀lú àjákù kan tí kò ní ìbàdí rárá. Bí apá méjèèjì kúrómósómù kan ṣoṣo bá ṣẹ́, tí ẹnu wọn so pọ̀, òrùka ló dà. Àwọn àpá tí a ń kà nìyẹn.

Gbogbo ìtànṣán kọ́ ló ń ṣe é bákan náà. Gámà àti X-ray ń gba inú ara kọjá, wọ́n ń ju agbára sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Irú ìbàjẹ́ yẹn náà ni bẹ́tà ń ṣe, àmọ́ kì í wọnú ara jìnnà. Álífà wúwo, ìwé pélébé kan tó láti dá a dúró, òkú awọ tó wà lójú ara wa náà tó, nítorí náà bó bá wà níta ara, kò rí ẹ̀jẹ̀ gbé ṣe. Ẹ wá jẹ́ kí èèyàn fà á símú tàbí kó gbé e mì. Kò lè rìn ju mìkírómítà 40 sí 70 lọ nínú ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì mélòó kan péré, gbogbo agbára tó gbé wá ló sì máa dà lé àwọn díẹ̀ yẹn lórí. Nútírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kò ní agbára iná nínú, púrótọ́ọ̀nù inú omi ara ló máa ń gbá, púrótọ́ọ̀nù tó gbá yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ bó ti ń lọ. Ní mìkírómítà kan, gámà kóbáltì-60 ń ju nǹkan bí 0.2 keV (òṣùwọ̀n agbára) sílẹ̀, X-ray 250 kV ń ju bí 2, álífà ń ju bí 100. Gámà dà bí òjò wínníwínní tó pa gbogbo òrùlé Ìjẹ̀bú-Òde. Álífà dà bí ìdì ẹyìn tó já lé òrùlé ilé kan. Ilé tó kàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá kàn, ojú ibi tí yóò ti máa jò kò ní jẹ́ ẹyọ kan.

(Wọ́n á bi yín nípa òpó tẹlifóònù, kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í béèrè. Ìgbì rédíò ni ti òpó, kò lágbára tó láti gé DNA. Ẹ dá wọn lóhùn, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.)

Ẹ bá onítọ̀hún jókòó kí ẹ tó yọ abẹ́rẹ́

Ìbéèrè tí ẹ bá béèrè níbí ni yóò gbà yín lọ́la nídìí ìṣirò. Kí ló ń tú ìtànṣán náà jáde? Ní agbègbè wa, ó lè jẹ́ iridium-192 tí wọ́n fi ń yẹ ojú wẹ́dà páìpù wò. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ń ṣe títì fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ ti kì dáadáa. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní caesium-137 fún gámà, àti americium òun beryllium tó ń tú nútírọ́ọ̀nù jáde. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ X-ray ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ béèrè bó ṣe dúró: ṣé ó kọjú sí i ni, àbí ẹ̀gbẹ́ kan ló kọ sí i, àbí ọwọ́ nìkan ló nà síbẹ̀? Ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ fún un rí? Oògùn wo ló ń lò? Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan ń ba kúrómósómù jẹ́ fúnra wọn.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ẹ̀rù á ti bà á. Bí bàbá oníwẹ́dà kan bá wò yín lójú tó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti jóná ni?”, ẹ má fi gírámà dá a lóhùn. “Rárá o, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín ò jóná. A fẹ́ wo iye tó kàn yín ni, kí dókítà lè mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú yín.” Lẹ́yìn náà kí ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀.

Fífa ẹ̀jẹ̀

Mìlílítà 10 tó. Ìgò oní-lithium heparin ni kí ẹ lò, èyí tí ìdérí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ìgò EDTA onídèérí àlùkò tó kún inú dúrọ́ọ̀ yín kò dára fún èyí, torí ó ń gba kálísíọ́mù lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, límfósáìtì kò sì ní dàgbà dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ yí ìgò náà sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má mì í jìgìjìgì. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sí i lára lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ apá kan ara ni ìtànṣán kàn, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 24 lẹ́yìn ìjàǹbá kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì tó kàn àti èyí tí kò kàn lè dàpọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀pọ̀ oṣù.

Gbígbé e dé yàrá àyẹ̀wò

Ká ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti fa ẹ̀jẹ̀, tí yàrá àyẹ̀wò wà ní Ṣágámù. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ooru inú búùtù mọ́tò lè sọ ẹ̀jẹ̀ náà di òkú kí ẹ tó dé. Nǹkan bí 20 °C la fẹ́. Kúlà lásán tí kò ní yìnyín nínú dára. Bí oòrùn bá mú gan-an, ẹ fi aṣọ wé ike omi tútù, ẹ fi sí ìsàlẹ̀, kó má kan ìgò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dì rárá. Inú ọkọ̀, níbi tí ẹ jókòó sí, ni kí kúlà wà. Ẹ má gbé e fún ọlọ́kadà kó so ó mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ yáa tètè kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ kùtù, torí bí èrò Ojúdè Ọba bá ti dí ọ̀nà, kúlà yín á bá wọn wòran. Láàárín wákàtí 24 ló dára jù kí ẹ̀jẹ̀ dé. Wákàtí 48 ṣì ṣeé fara dà.

Bó bá jẹ́ òkè òkun ni ẹ ń fi í ránṣẹ́ sí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ X-ray pápákọ̀ òfuurufú yẹ̀ ẹ́ wò.

Wákàtí 48 nínú ínkúbétọ̀

Ní 1960 ni Peter Nowell rí i pé PHA, ohun kan tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wà pupa *Phaseolus vulgaris*, ń mú kí límfósáìtì tó ti dákẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Láìsí èyí, kò sí iṣẹ́, torí ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín nìkan ni kúrómósómù ń kì, tí ojú lè rí i.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ da 0.5 mL ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ 4.5 mL RPMI 1640, omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, tó ní sírọ́ọ̀mù ọmọ màlúù ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, glutamine, penicillin, streptomycin àti PHA. Ẹ fi BrdU, kẹ́míkà kan tó ń wọnú DNA tuntun, sí i, kí ẹ bo ìgò náà kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ dá sẹ́ẹ̀lì tó ti pín lẹ́ẹ̀mejì mọ̀ yàtọ̀. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé nǹkan bí ìdajì dicentric ló ń sọnù nígbà kọ̀ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì bá pín. Ẹ gbé ìgò méjì kalẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò má ba ọ̀kan jẹ́ kí ẹ wá pòfo.

37 °C, wákàtí 48. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ: ta ló ń fún wa ní iná wákàtí 48 gbáko? Ẹ fi ínkúbétọ̀ sórí ínfátà, ẹ má fi sórí jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí lóru láti tan. Ẹ gbé tẹmómítà sínú rẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa kọ ohun tó bá rí. Bí ooru inú rẹ̀ bá wálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á fà sẹ́yìn, ẹ sì lè dé orí máíkírósíkóòpù kí ẹ má bá ohun tó tó kà. Ẹ kọ gbogbo wákàtí tí iná fi lọ sínú ìwé.

Ní wákàtí 45 tàbí 46, ẹ fi Colcemid sí i. Òun ló ń dá ìpínyà dúró níbi tí kúrómósómù ti kì jù.

Kíkó wọn jọ, àti ọ̀rọ̀ ọyẹ́

Bí wákàtí 48 bá pé, ẹ fi ẹ̀rọ sẹ́ńtírífíújì yí i, ẹ da omi òkè nù, kí ẹ wá rọ omi iyọ̀ KCl 0.075 M tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ dé 37 °C sí i fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Sẹ́ẹ̀lì á mu omi, á wú. Lẹ́yìn ìyẹn, methanol mẹ́ta sí acetic acid kan, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ́jọ́ náà. Ìkán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń mi ìgò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á dì gọbọi. Ẹ máa yí i, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, títí ohun tó wà nísàlẹ̀ á fi funfun.

Síláìdì ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Kíkán an kò le: pípẹ́ẹ̀tì lókè, síláìdì tó mọ́ tónítóní tó sì tutù nísàlẹ̀, ìkán méjì tàbí mẹ́ta. Gbígbẹ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Nígbà ọyẹ́, omi methanol á gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kúrómósómù á kó jọ sójú kan, wọ́n á gun ara wọn lórí, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ dicentric yàtọ̀ sí méjì tó kàn sùn léra wọn. Ní àárín òjò, oṣù kẹfà tàbí ìkeje ní Ìjẹ̀bú, kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì á là, kúrómósómù rẹ̀ á ṣàn lọ bá ti aládùúgbò. Nígbà ọyẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù sábẹ́ síláìdì tàbí kí ẹ kán an lókè omi gbígbóná tó ń rú èéfín. Nígbà òjò, ẹ lo àwo gbígbóná díẹ̀, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ kán ẹyọ kan, ẹ gbé e wò lójú máíkírósíkóòpù kí ẹ tó kán ìyókù.

Ẹ fi aró Giemsa pa á láró. Fún èyí tó ní BrdU, ẹ fi aró Hoechst àti ìmọ́lẹ̀ ṣáájú Giemsa.

Kíkà

Ẹ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan síláìdì bọ̀ sí èkejì ní títẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹ má máa fò kiri wá èyí tó bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣeé kà, ẹ kà á, ì báà mọ́ ì báà bàjẹ́.

Ìbàdí ni kí ẹ kà, kó pé 46. Bí ẹ bá rí dicentric kan, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ méjì, àjákù kan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó bá a rìn. Dicentric kan, kúrómósómù pípé 44, àjákù kan: àkáǹtì pé. Bí àjákù kò bá sí, ẹ tún un wò, bóyá kúrómósómù méjì ló kan ara wọn. Oníbàdí mẹ́ta jẹ́ dicentric méjì lójú ìwé. Bí ẹ bá ń rí ìbàjẹ́ tó jẹ́ pé ìdajì kúrómósómù nìkan ló gé, tí ìdajì kejì wà dáadáa, ẹ rántí ìbéèrè oògùn tí ẹ béèrè. Irú ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ti kẹ́míkà, torí ìtànṣán tó bá límfósáìtì lójú oorun máa ń ba odindi rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì 500, tàbí títí dicentric á fi pé 100. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ńlá tí èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ, sẹ́ẹ̀lì 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó láti mọ ẹni tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní Goiânia ní Bùràsílì, lọ́dún 1987, nígbà tí àwọn kan tú ẹ̀rọ ìwòsàn àtijọ́ tó ní caesium-137 nínú, èèyàn mẹ́rin kú, 249 ni ohun olóró náà sì wà lára wọn. Kíka kúrómósómù wà lára ohun tí wọ́n fi mọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò, níbi tí irú ìtànṣán ti ń fara hàn

Ẹni tí kò rí ìtànṣán rí náà lè ní nǹkan bí dicentric kan nínú sẹ́ẹ̀lì 1,000. Ohun tó bá lé ni a ń fi sórí ìlà ìdiwọ̀n, ìlà tó ń fi iye dicentric wé ìwọ̀n ìtànṣán. Ìlà ti gámà máa ń tẹ̀ sókè: Y = C + αD + βD², níbi tí Y jẹ́ iye dicentric fún sẹ́ẹ̀lì kan, tí D jẹ́ gray, tí C jẹ́ iye tó ti wà láìsí ìtànṣán, tí α àti β sì jẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ bí ìlà náà ṣe ń gùn (α yìí kì í ṣe ìtànṣán álífà). Yàrá kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ya ìlà tirẹ̀; fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká mú C ní 0.001, α ní 0.02, β ní 0.06.

Ká ní ẹ rí dicentric 40 nínú sẹ́ẹ̀lì 500. Y jẹ́ 0.08. Lórí ìlà gámà yìí, ó jẹ́ nǹkan bí gray kan; bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún èèṣì inú kíkà, ó wà láàárín 0.8 sí 1.2. Ṣùgbọ́n ìlà nútírọ́ọ̀nù kì í tẹ̀, ó gùn gbọọrọ ni, α rẹ̀ sì lè tó 0.8 fún nútírọ́ọ̀nù ìfọ́yángá uranium. Dicentric 40 kan náà lórí ìlà yẹn jẹ́ nǹkan bí 0.1 gray. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ náà! Ẹni tó bá mú ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ṣi dókítà lọ́nà.

Ibi tí ìwé tí ẹ kọ ní sẹ́ẹ̀lì-sí-sẹ́ẹ̀lì ti wúlò nìyí. Ẹ wo ènìyàn méjì, dicentric 40 nínú 500 ni tàwọn méjèèjì. Ti ẹni àkọ́kọ́: sẹ́ẹ̀lì 462 kò ní nǹkan kan, 36 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 2 ní méjì-méjì. Ti ẹnì kejì: 475 kò ní, 14 ní ẹyọ kan, 8 ní méjì, 2 ní mẹ́ta, 1 ní mẹ́rin. Ẹ fi iye tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ ro wọ́n pọ̀: ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 44, ti èkejì 80. Ẹ yọ 3.2 kúrò (40 lọ́nà 40, pín sí 500), ẹ pín in sí 499, kí ẹ tún pín in sí 0.08. Àkọ́kọ́ á fún yín ní 1.02, èkejì 1.92. Bó bá sún mọ́ 1, ìbàjẹ́ náà pín káàkiri, bí gámà àti X-ray ṣe máa ń ṣe bó bá kan gbogbo ara. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní “u”: ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi 16 lọ́po rẹ̀ (fún 500 àti 40 tiwa yìí ni 16 bá mu). Àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 0.35, èkejì bí 14.8. Ohunkóhun tó bá lé ní 1.96, ìbàjẹ́ náà kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀.

Ohun méjì ló ń fa kíkójọ yẹn. Ó lè jẹ́ ìtànṣán tó ń ju agbára púpọ̀ sílẹ̀ lójú kan, álífà pàápàá. Ó sì lè jẹ́ gámà lásán tó kan apá kan ara, tí sẹ́ẹ̀lì tó kàn wá lọ dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò kàn. Nọ́ńbà kò lè dá a yàtọ̀ fún yín. Ìwé tí ẹ kọ nígbà tí ẹ bá bàbá jókòó, níbi tó ti sọ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni òun kọ sí i, ló máa sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ti apá kan ara, Y tí ẹ pín sórí gbogbo sẹ́ẹ̀lì á mú kí ìwọ̀n náà kéré ju ti apá tó kàn lọ. Ẹ lo ọ̀nà ìṣirò Dolphin tàbí Qdr, tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀ràn yìí, láti rí ìwọ̀n ti apá tó kàn.

Bí ìjàǹbá náà bá ti lọ́jọ́ lórí, ẹ mọ̀ pé dicentric ń dín kù, ó lè dín sí ìdajì láàárín bí ọdún mẹ́ta. Nígbà náà, FISH tó ń fi àwọ̀ hàn níbi tí kúrómósómù ti pààrọ̀ ẹran ara ló dára jù, torí irú àpá yẹn ń pẹ́.

Kíkọ èsì

Ẹ kọ iye sẹ́ẹ̀lì, iye dicentric, bí wọ́n ṣe pín, ìlà tí ẹ lò, àti ààlà ìsàlẹ̀ òun òkè. Ohun tó bá kéré sí nǹkan bí 0.1 gray gámà kò hàn nínú àyẹ̀wò yìí. X-ray àyà kan kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìyẹn lọ, nítorí náà ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó kàn ya X-ray àyà lẹ́ẹ̀kan pé ẹ fẹ́ ka kúrómósómù rẹ̀. Ẹ má kọ “jẹjẹrẹ” sínú èsì. Ìwọ̀n ni wọ́n ní kí ẹ wá. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún ka síláìdì náà láìmọ ohun tí ẹ kọ, kí nọ́ńbà yín méjèèjì tó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Síláìdì àti ìyókù sẹ́ẹ̀lì inú methanol, ẹ kó wọn sínú fíríìjì oníyìnyín ní -20 °C; bí iyèméjì bá dé, ibẹ̀ lẹ ó ti tún un kán.